Interface tó yára fún sítúdíò ní Àkúrẹ́: ṣé dandan ni Thunderbolt?

Ọmọ_Ọjà_Ọba:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá kí owó tó jáde lápò.

A fẹ́ gbé sítúdíò kan dìde lẹ́bàá Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́. Oríṣi iṣẹ́ méjì ni yóò máa wọlé. Àkọ́kọ́ ni ti akọrin ẹ̀mí, ẹnì kan tàbí méjì lójú máìkì, lórí beat tó ti wà nílẹ̀. Èkejì ló le: àwọn onílù dùndún pẹ̀lú akọrin, elégbè, gìtá àti kíbọ́ọ̀dù, tí a fẹ́ gba gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mọ̀ pé onílù máa ń gbọ́ ara wọn lẹ́nu ni. Bí ẹ bá gba ìyáàlù lónìí, tí ẹ wá gba gúdúgúdú lé e lọ́la, kì í jọ ara wọn.

Ohun tó wà nílẹ̀ ni laptop HP EliteBook tòkúnbọ̀ kan: Core i7, RAM 16 GB, SSD 512 GB, Windows 11. Ihò USB gbọọrọ méjì ló ní, pẹ̀lú USB-C kan. Reaper, software tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, la fi ń ṣiṣẹ́. Interface onímáìkì méjì (àpótí tó ń sọ ohùn máìkì di ohun tí kọ̀ǹpútà lè gbà) ló wà lórí rẹ̀ báyìí, bí akọrin bá sì ti fi headphone sétí, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ohùn àwọn ń pẹ́ kó tó padà dé, bí ẹni pé ẹlòmíràn ń sín wọn jẹ.

Wọ́n ní USB ló fà á, pé interface oníThunderbolt (oríṣi ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn) nìkan ló yára tó fún sítúdíò gidi. Owó rẹ̀ ga ju ti USB lọ púpọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá laptop yìí gbà á? Tí a bá sì wo ti iná wa pẹ̀lú, èwo ni kí a rà?

Ẹ̀rọ_Ohùn:

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Ẹ ṣì fi owó Thunderbolt yẹn pamọ́ ná. Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ da nǹkan méjì pọ̀ mọ́ra: iye ohùn tí wáyà lè kó lẹ́ẹ̀kan, àti bí ohùn ṣe ń pẹ́ tó lọ́nà. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ti wáyà. Channel kan, ìyẹn ọ̀nà ohùn kan, ní 24 bit àti 48 kHz (ìgbà 48,000 la ń wọn ohùn láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan, bit 24 fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan) jẹ́ 24 lọ́nà 48,000, ìyẹn 1,152,000 bit láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan, tàbí 1.152 Mbps. Channel 16 tó ń wọlé jẹ́ nǹkan bí 18.4 Mbps. Kí 16 mìíràn máa jáde lákòókò kan náà, kò tíì pé 37. USB 2.0 ń gbé 480 Mbps. Lóòótọ́, ohùn kì í rí gbogbo 480 yẹn lò, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ààyè kù rẹpẹtẹ. Ẹ wo mixer Behringer X32 tó wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì: channel 32 ló ń fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, ó sì ń gba 32 padà, lórí wáyà USB 2.0 kan ṣoṣo. (Ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ní in ti ní interface olóhùn púpọ̀ nílé láìmọ̀.)

Thunderbolt 3 ń gbé 40 Gbps. Kò sí ẹgbẹ́ onílù tó lè kún un. Iṣẹ́ tó ń béèrè wáyà tó fẹ̀ ni irú ti RME Fireface UFX III, channel 94 wọlé, 94 jáde, lórí USB 3. RME kan náà ló ṣe Fireface UCX II, 20 wọlé, 20 jáde, USB 2.0 ni wọ́n sì fi í sí. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí tí yóò pè é ní ẹ̀rọ tó lọ́ra.

Ẹ má jẹ́ kí ihò USB-C tàn yín jẹ pẹ̀lú. Focusrite Scarlett tuntun àti MOTU M4 ní ihò USB-C lẹ́yìn, USB 2.0 ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ìrísí ihò nìkan ni C ń sọ.

Ó wá ku ìdí tí ohùn fi ń pẹ́. Kọ̀ǹpútà kì í fọwọ́ kan ohùn ní sample (ìwọ̀n ohùn) kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń kó wọn jọ di ìdì kan ná. Ìdì yẹn ni buffer. Ẹ fi sample rate (iye sample láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan) pín iye buffer, ẹ ó rí àkókò tó ń jẹ. Ní 48 kHz, buffer 64 jẹ́ 1.33 ms, 128 jẹ́ 2.67, 256 jẹ́ 5.33, 512 jẹ́ 10.67, 1024 sì jẹ́ 21.33. Ìwọlé nìkan ni mo kà yìí o. Ohùn á tún jáde, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ fi nǹkan bí 1 ms kún un fún bí a ṣe ń sọ ohùn di nọ́ńbà tí a sì ń sọ nọ́ńbà padà di ohùn. Lẹ́yìn èyí ni ààyè ìpamọ́ tí driver (software tó ń mú kí kọ̀ǹpútà àti interface gbọ́ ara wọn) máa ń fi kún un fúnra rẹ̀, tí kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ gan-an ni interface tó dáa ti ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Interface méjì lè wà lórí buffer 64, kí ọ̀kan pẹ́ ní 5 ms kí èkejì pẹ́ ní 10, pẹ̀lú wáyà kan náà àti ihò kan náà. Driver ló yàtọ̀.

Kí nọ́ńbà wọ̀nyí lè yé yín: ohùn ń rìn nǹkan bí 34 cm nínú afẹ́fẹ́ láàárín 1 ms. Nítorí náà 10 ms kò ju kí onígìtá dúró ní mítà mẹ́ta ààbọ̀ sí amp rẹ̀, kò sì sí onígìtá tó ń bínú sí ìyẹn. Akọrin ni kì í gbà, torí pé ohùn rẹ̀ ti kọ́kọ́ gba inú egungun orí dé etí rẹ̀ kí ti headphone tó dé. Méjèèjì á wá máa jà. Ẹ jẹ́ kí àpapọ̀ ìlọ àti àbọ̀ wà ní 6 ms tàbí kó dín, ọ̀pọ̀ akọrin kò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Tí àwọn akọrin bá ń ráhùn tó báyìí, àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé buffer 512 lẹ wà, tàbí pé ASIO4ALL lẹ ń lò. ASIO4ALL kì í ṣe driver gidi fún interface. Ó gun orí driver Windows lásán, ó sì kàn ń ṣe bí ASIO, irú driver tí ohùn ń gbà kọjá kíákíá lórí Windows. Ẹ lọ sí ibi tí ẹni tó ṣe interface yín ń kó driver sí, ẹ gba tirẹ̀ sílẹ̀. Nínú Reaper, ẹ lọ sí Options, Preferences, Audio, Device. Ẹ yan ASIO, ẹ yan driver tó ń jẹ́ orúkọ interface náà, ẹ tẹ ASIO Configuration, kí ẹ sì gbé buffer sí 128, tàbí 64 bí kò bá ta pá-pá. Ìgbà tí ẹ bá ń ṣe mixing nìkan ni kí ẹ gbé e padà sí 512 tàbí 1024, torí pé plugin (àwọn software kékeré tó ń tún ohùn ṣe) á ti pọ̀, kò sì sí ẹni tó ń kọrin mọ́.

Tó bá ń ta pá-pá ní 128, ẹ má tíì sọ pé interface kò dáa. Ẹ fi LatencyMon, software tó ń fi ohun tó ń dí ohùn lọ́wọ́ hàn, wo laptop náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú Wi-Fi, kí ẹ sì tún un ṣe láìsí Wi-Fi. Lórí laptop tòkúnbọ̀, ndis.sys, tí í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì, àti ACPI.sys, tí í ṣe ti bátìrì, ni orúkọ wọn máa ń sábà jáde. Ẹ pa Wi-Fi àti Bluetooth tí ẹ bá ń gba ohùn. Nínú Device Manager, lórí USB Root Hub kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ sí Power Management kí ẹ sì yọ àmì kúrò níbi tí wọ́n ti gbà kí kọ̀ǹpútà máa pa ihò náà láti dá iná sí. Ẹ gbé power plan sí High performance. Kí wáyà interface wọ ihò ara laptop tààrà, kó má gba inú hub, kó má sì gùn ju mítà 5 lọ.

Ẹ má sì gba nọ́ńbà tí software ń kọ gbọ́ pátápátá. Ẹ gba RTL Utility, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi wáyà kan so Output 1 mọ́ Input 1, á sọ iye ms tó pẹ́ gan-an.

Fún akọrin ẹnì kan lórí beat, ẹ ò tilẹ̀ nílò gbogbo wàhálà yìí. Ẹ tẹ Direct Monitor lórí interface: ohùn á gba inú interface lọ sí headphone láìdé kọ̀ǹpútà rárá. Ẹ rántí pa monitoring orí track yẹn nínú Reaper o. Bí ẹ bá ṣí méjèèjì sílẹ̀, ohùn méjì ni akọrin máa gbọ́, á sì tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́.

Àǹtí_Fader:

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀rọ Ohùn, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká gbá Thunderbolt sí ààtàn.

Thunderbolt ń gbé PCIe, ọ̀nà tí àwọn káàdì inú kọ̀ǹpútà ń gbà sọ̀rọ̀, nítorí náà interface tó wà lórí rẹ̀ ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú ilé. Nígbà tí driver bá dáa, ẹ lè lo buffer 32 láìgbọ́ pá-pá. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sanwó fún gan-an ni DSP (chip tó ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn) tó wà nínú àwọn bíi Apollo ti Universal Audio. Akọrin lè máa gbọ́ compressor àti reverb lórí ohùn rẹ̀ bó ṣe ń kọrin lọ, kó sì má pẹ́, ohun yòówù kí buffer Reaper jẹ́, torí pé inú Apollo fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń wáyé. Plugin UAD nìkan ló ń gbà nínú DSP yẹn o. Plugin tí ẹ ti rà níbòmíràn kò lè wọ ibẹ̀. Apollo Twin X sì ní preamp (ohun tó ń gbé ohùn máìkì sókè) méjì péré. Apollo x8p ló ní mẹ́jọ, iye rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ojú kan wò.

Fún ẹni tó ń lo Mac, ẹjọ́ rẹ̀ rọrùn. Ihò Thunderbolt wà lára gbogbo Mac tó ń lo chip M ti Apple, láti M1 wá. MacBook Pro tòkúnbọ̀ ọdún 2015 ní Thunderbolt 2, ihò rẹ̀ jọ ti Mini DisplayPort. Adaptor Apple tó ń sọ Thunderbolt 3 di 2 ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í gbé iná láti Mac oníThunderbolt 2 kọjá sí interface Thunderbolt 3, nítorí náà interface tó ń gba iná láti ara wáyà Thunderbolt kò ní jí.

Ti yín ni Windows, ẹ ṣọ́ra. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ihò USB-C yẹn: àmì mànàmáná ni ẹ ń wá. Tó bá jẹ́ SS tàbí àmì DisplayPort nìkan ló wà níbẹ̀, kì í ṣe Thunderbolt. Ẹ tún wo Device Manager, lábẹ́ System devices, bóyá Thunderbolt Controller wà níbẹ̀. Bó bá tilẹ̀ wà, ó lè jẹ́ pé BIOS (ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà) ti tì í pa. Ẹ wọ ibẹ̀ lọ ṣí i. Lórí kọ̀ǹpútà onítábìlì, káàdì Thunderbolt kò kàn ṣeé rà kí a kì bọ ihò PCIe. Motherboard gbọ́dọ̀ ní ojú ìsopọ̀ tirẹ̀ fún un, ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ kò sì ní in.

Wáyà náà lẹ́jọ́. Wáyà ṣájà oní-USB-C kò gbé Thunderbolt. Wáyà gidi ní àmì mànàmáná pẹ̀lú 3 tàbí 4 lórí rẹ̀. Ti Thunderbolt 3 tí kò ní ẹ̀rọ nínú, tó bá ti gùn ju ìdajì mítà lọ, eré rẹ̀ ń já sí 20 Gbps. Fún ohùn, ìyẹn kò ṣe nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ta wáyà olówó ńlá fún yín.

Bàbá_Inverter:

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ iná tí o fi parí ìbéèrè rẹ, wọ́n fò ó. Ní Àkúrẹ́ tiwa yìí, iná BEDC lè lọ láàárín orin, ohun tó sì máa ń kú jù ni interface tó ń jẹun láti ògiri. Bátìrì á gbé laptop, interface á kú, driver á já, Reaper á dúró. Onílù á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Interface kékeré tó ń gba iná láti ara laptop bọ́ lọ́wọ́ èyí. Ṣùgbọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀: ihò USB 2.0 ń fúnni ní 500 mA lórí 5 V, ìyẹn 2.5 W, USB 3 ń fúnni ní 900 mA, 4.5 W. Agbára yẹn tó preamp méjì tàbí mẹ́rin. Kò tó preamp mẹ́jọ tí gbogbo wọn ń fún máìkì ní 48 V, iná tí máìkì condenser ń lò. Ìdí nìyí tí àwọn onímẹ́jọ fi máa ń ní adaptor tiwọn. Bí o bá rà èyí, so ó mọ́ UPS tàbí inverter, kì í ṣe ògiri lásán. Inverter ilé púpọ̀ ní ibi tí a ti ń yan UPS mode. Yàn án, torí pé ó ń yára gba iṣẹ́ ju ti èkejì lọ nígbà tí iná bá lọ.

Pure sine wave ni kí inverter náà jẹ́. Modified sine ń gbé ariwo wọ inú adaptor, wàá gbọ́ ọ lábẹ́ ohùn bí ẹni pé kòkòrò wà nínú máìkì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò gbọdọ̀ fún interface ní iná tààrà. Jẹ́ kó máa sáájì bátìrì inverter, kí interface máa jẹ láti ara inverter. Bí òjò bá sì ṣú, yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lára ògiri. Kì í ṣe kí o kàn pa switch.

Ariwo hùnnùn ńkọ́? Yọ ṣájà laptop. Bí ariwo bá lọ, ground loop ni: iná ilẹ̀ ń gba ọ̀nà méjì, ọ̀kan láti ara ṣájà, èkejì láti ara sípíkà. Má gé pín ilẹ̀ kúrò lórí plug, ìyẹn lè pa ènìyàn. Kó laptop, interface àti sípíkà sórí extension kan ṣoṣo. Lo wáyà balanced, TRS sí XLR, lọ sí sípíkà. Bí kíbọ́ọ̀dù ló ń mú ariwo wá, DI box onítransformer (àpótí kékeré tó ń ya iná kíbọ́ọ̀dù sọ́tọ̀) ni kí o fi sáàárín.

Tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà: ka ara adaptor kí o tó kì í bọ iná. Tó bá kọ INPUT 100-240V, ó gba 220 wa. Tó bá jẹ́ 120V nìkan ló kọ, èéfín ni wàá rí. Bí o bá sì ń wá adaptor mìíràn dípò rẹ̀, kì í ṣe volt nìkan ni kí o bá mu. Wo àwòrán kékeré tó ń fi hàn bóyá rere wà ní àárín tàbí ní ẹ̀gbẹ́. Bí o bá gbé e sódì, o lè jó interface náà mọ́ ọwọ́ ara rẹ.

Ọmọ_Ọjà_Ọba:

Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ ṣé, Àǹtí àti Ẹ̀gbọ́n. Mo wo ihò USB-C náà, kò sí àmì mànàmáná, kò sì sí i nínú Device Manager. Thunderbolt ti kúrò ńbẹ̀. Ó ku ti àwọn onílù: channel mélòó ni wọ́n máa gbà gan-an? Ṣé kí n ra interface onípreamp mẹ́jọ, kí n sì fi mẹ́jọ mìíràn kún un, àbí nǹkan mìíràn wà?

Ayàn_Oǹdó:

Ẹ jẹ́ ká ka ìlù kí a tó ka ihò. Dùndún kan tó pé, pẹ̀lú àwọn tó ń kọrin: ìyáàlù 2, kẹríkẹrì 1, ìṣáájú 1, kànnàngó 1, gúdúgúdú 1, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ 1, agogo 1, máìkì òkè 2, akọrin 1, elégbè 2, bass gìtá 1, kíbọ́ọ̀dù 2. Mẹ́rìndínlógún géérégé. Bí ẹgbẹ́ jùjú bá wá dé pẹ̀lú gìtá mẹ́ta, irú èyí tí King Sunny Adé, ọmọ Oǹdó tiwa, sọ di gbajúmọ̀, ẹ ó ní láti dín nǹkan kù.

Ìdí tí ìyáàlù fi gba méjì: máìkì kan níwájú awọ tí kọ̀ǹgọ́ ń lù, bíi 25 cm sí i, kó yà díẹ̀ kúrò lọ́nà kọ̀ǹgọ́, èkejì ní awọ kejì, láti kó ìsàlẹ̀ ohùn àti ṣaworo. Bí awọ iwájú ṣe ń wọlé ni ti ẹ̀yìn ń jáde, nítorí náà ẹ yí phase (ìhà tí ìgbì ohùn kọjú sí) máìkì ẹ̀yìn padà nínú Reaper. Bí ẹ kò bá yí i, àwọn ohùn ìsàlẹ̀ á jẹ ara wọn, ìyáàlù á wá dún bíi kànnàngó. Ẹ jẹ́ kí ibi tó ga jù lọ nínú ohùn rẹ̀ má kọjá -10 dBFS (0 dBFS ni òpin tí ohùn lè dé). Ìyáàlù lè gbé ohùn sókè lójijì nígbà tó bá ń ki ènìyàn, 24 bit sì ní ààyè tó.

Ọ̀nà méjì ló wà láti rí 16.

Àkọ́kọ́ ni interface onípreamp mẹ́jọ tó ní ihò ADAT (tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé channel púpọ̀ lórí wáyà kan), bíi Behringer UMC1820, Focusrite Scarlett 18i20 tàbí Audient EVO 16, kí ẹ sì so preamp mẹ́jọ mìíràn bíi Behringer ADA8200 mọ́ ọn pẹ̀lú wáyà optical. ADAT ń gbé channel 8 ní 44.1 tàbí 48 kHz. Ní 96 kHz, mẹ́rin péré ló ń gbé, ADA8200 kò sì gba 96 rárá. Ẹ fi 48 ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 96 dẹ́rù bà yín.

Clock ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ẹ̀rọ méjì kò gbọdọ̀ máa ka àkókò tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi wáyà optical kan láti ADAT Out ti ADA8200 sí ADAT In ti interface, kí ẹ gbé ADA8200 sí 48 kHz internal, kí ẹ sì yan ADAT bí clock lórí interface. Tàbí kí interface jẹ́ ọ̀gá: optical kejì láti interface padà sí ADA8200, kí ADA8200 máa tẹ̀lé ADAT In. Ìkejì yìí ni mo fẹ́ràn, torí pé bí optical ADA8200 bá yọ, interface á ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ. Bí ẹ kò bá ṣe èyíkéyìí, ohùn á máa ta tí-tí ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò ní bá ìlù mu, ẹ ó sì rò pé buffer ni.

Ọ̀nà kejì ni mixer Behringer XR18. Preamp 16 wà nínú rẹ̀, 18 wọlé 18 jáde lórí USB kan, aux 6 sì wà tí ẹ lè fi fún onílù kọ̀ọ̀kan ní ohun tó fẹ́ gbọ́. DSP inú rẹ̀ ló ń ṣe monitoring, nítorí náà ẹ lè gbé buffer Reaper sí 512 kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Àléébù rẹ̀: 48 kHz ni òpin rẹ̀, Wi-Fi inú rẹ̀ tí a fi ń darí rẹ̀ kò lágbára, nítorí náà ẹ fi router kan sí i. Ihò headphone kan ló ní, ẹ ó nílò headphone amp bíi HA400 fún àwọn yòókù.

Tèmi ni pé, tí onílù bá jẹ́ ìdajì iṣẹ́ yín tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ra XR18. Tó bá jẹ́ pé akọrin ẹnì kan ni iṣẹ́ púpọ̀, tí onílù kàn ń yà wọlé ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ra interface onímẹ́jọ tí driver rẹ̀ dáa báyìí, kí ẹ sì fi ADA8200 kún un nígbà tí owó bá wọlé. Ẹ ra SSD kejì fún ohùn náà: channel 16 fún wákàtí kan ní 48 kHz jẹ́ nǹkan bí 8.3 GB, 512 yẹn sì ti ní Windows nínú.

Ẹ̀rọ_Ohùn:

Ayàn ti parí rẹ̀. Mo fi ti ọjà kún un.

Tí ẹ bá ń ra tòkúnbọ̀, ẹ ó rí interface FireWire onípreamp mẹ́jọ tó pọ́ọ́kú. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Wọn kò ṣe ihò FireWire sí ara laptop tuntun mọ́, EliteBook yẹn kò sì ní ibi tí ẹ máa kì í sí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo bóyá driver Windows 11 wà fún nọ́ńbà orí ẹ̀rọ náà gan-an, kì í ṣe fún orúkọ tó jọ ọ́. Ẹ gbé laptop yín lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà. Ẹ so máìkì dynamic kan mọ́ ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé gain sókè dé òpin, kí ẹ fetí sí i: ṣàà tó dọ́gba ni ó yẹ kó wà ní gbogbo ihò. Èyí tó ń ta pá tàbí tó dákẹ́ ju àwọn yòókù lọ ti bàjẹ́. Ẹ yí gbogbo knob; èyí tó bá ń ha ti wọ.

Lẹ́yìn náà ẹ yọ máìkì, ẹ tan 48 V, kí ẹ fi multimeter wọn ihò XLR kọ̀ọ̀kan. Láàárín pín 1 àti 2 ó yẹ kó wà láàárín 44 sí 52 V, bẹ́ẹ̀ náà sì ni láàárín pín 1 àti 3, kí méjèèjì sì dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba, ohùn condenser á máa ní ariwo lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà kò bá jẹ́ kí ẹ wọn ọ́n, ẹ gbé owó yín padà sápò.